Ọjọ́ tí a gbé kíláàsì lọ sí Mápó

Ìgbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba ni, láàárín àwọn ọdún tí gbogbo ìlú ń pè ní ìgbà Sáàpù, tí búrẹ́dì di ohun tí à ń jẹ lọ́jọ́ ọdún, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń fi mọ́tò ara wọn gbé èrò kí wọ́n tó lè rí epo rà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí yunifásítì nígbà náà láti kàwé fún oyè kejì lórí ìlera ará ìlú. Agboolé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Òsì, láti ibẹ̀ ni mo sì ti ń lọ, tí mo ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé lónìí ni mò ń kọ èyí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wọlé sínú ẹ̀kọ́ àpapọ̀ lórí ìtọ́jú àyíká tí wọ́n ń polówó lórí rédíò pé irú rẹ̀ kò sí rí. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín. Ó ti wà rí. Wọ́n pa á ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á, inú mi kò sì tíì rọ̀ títí di òní.

Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni Dókítà Abíọ́nà, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé ń jó. Onímọ̀ ilẹ̀ àti omi ni, ṣùgbọ́n ó ti sú u kí onímọ̀ ilẹ̀ máa bá onímọ̀ ilẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Ó jà fitafita kí wọ́n tó gbà á láàyè láti kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì jọ láti oríṣiríṣi fákọ́tì sínú kíláàsì kan. Rótìmí wá láti ẹ̀ka òfin, ọmọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú. Gbádébọ̀ wá láti ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjinníà. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti yàwòrán nǹkan, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi wá láti ẹ̀ka ìlera. Àwọn mélòó kan tún wá láti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ọrọ̀-ajé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí oníkálukú sọ ohun tó fà á tí Ìbàdàn fi ń dọ̀tí tó báyìí. Gbádébọ̀ ní gọ́tà kò tó. Rótìmí ní òfin wà, wọn kò tẹ̀lé e ni. Èmi ní àwọn ènìyàn kò ka ìmọ́tótó sí. Dókítà wò wá títí.

"Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ tó tó nǹkan. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wo ibì kan. Ẹni tó bá lè fi ìmọ̀ tiẹ̀ nìkan yanjú ẹ̀, kó wá gba oyè ẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́la."

Bẹ́yẹrúnkà ló kó wa lọ. Ojú tì mí díẹ̀, torí kò jìnnà sí ilé wa, mo sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti kékeré láìbéèrè ohunkóhun. Lókè àdúgbò náà, kòtò ńlá kan wà tí àwọn ará àtijọ́ ti wa amọ̀ nínú rẹ̀ láti fi mọ ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ ti gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí fún kọ́ńtírátọ̀ kan pé kó máa kó o lọ sẹ́yìn ìlú. Kọ́ńtírátọ̀ náà kò kó o lọ síbì kankan. Inú kòtò yẹn ni típà rẹ̀ ń da gbogbo rẹ̀ sí: ìdọ̀tí ọjà, òkú ẹran, abẹ́rẹ́ àti báńdéèjì láti àwọn ọsibítù aládàáni. Nísàlẹ̀ kòtò náà, lẹ́yìn àwọn agboolé, ni àwọn kànga wà. Omi ẹ̀rọ kì í yọ níbẹ̀. Omi kànga yẹn ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, òun ni wọ́n fi ń po ẹ̀kọ fún ọmọ.

Gbogbo ìgbà òjò ọdún náà la fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gbádébọ̀ wọn bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn wá bí omi ìdọ̀tí ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí kànga. Èmi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mò ń béèrè ta ló ṣàìsàn, irú àìsàn wo, kànga wo ló ti ń pọnmi. Àwọn ti iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn sétí odò wò. Rótìmí lọ wá òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ìdọ̀tí sítòsí omi mímu. Ìgbà tí a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ tó yé wa. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ǹ bá ní kí àwọn ìyá máa se omi kí wọ́n tó mu ún, ǹ bá sì máa bá tèmi lọ. Bó bá jẹ́ Gbádébọ̀ nìkan ni, ì bá la gọ́tà. Àpapọ̀ wa ló jẹ́ ká rí i pé ẹnì kan ló ń pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí, iṣẹ́ ìjọba ló sì fi ń pa wọ́n. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà wà fún nìyẹn, ohun tó sì kó bá a nìyẹn pẹ̀lú.

Ilé obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Sàúdà la ti máa ń sinmi. Aṣọ àwọn ọmọ ilé kéú ló ń rán, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí kànga tó burú jù. Sàúdà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé gíráámà, ó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ní Ọjà'ba, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá náà bi mí pé, "Síkírá, kí lẹ̀ ń kọ́ gan-an níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ yìí?"

"A ń kọ́ bí ìlú ṣe lè jẹun lónìí, mà, kó má jẹ tàwọn ọmọ tó ń bọ̀ mọ́ ọn."

"Kẹ́ ẹ tètè kọ́ ọ o," ó ní. "Òórùn yẹn ti ń wọlé bá wa jókòó."

Nígbà tí ìgbà òjò parí, a ka àbájáde iṣẹ́ wa níwájú àwọn olùkọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni díìnì ránṣẹ́ pe gbogbo wa. Ohun tí a kò mọ̀, tí a wá mọ̀ lẹ́yìn, ni pé ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì ló fọmọ fún kọ́ńtírátọ̀ náà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ máa yẹ kànga oníkànga wò?" Díìnì kò tilẹ̀ ní ká jókòó.

"Iṣẹ́ kíláàsì ni, sà," Rótìmí dá a lóhùn.

"Kíláàsì wo? Ẹ̀ka wo ló ni yín? Lọ́yà ń wọn ilẹ̀, nọ́ọ̀sì ń ka òfin! Ẹ̀kọ́ tí kò lẹ́ka, kò ní bàbá. Láti òní lọ, mo ti fòpin sí i. Kí kálukú padà síbi tó ti wá."

"Ọdún kejì wa rèé, sà," Rótìmí ní. "Iṣẹ́ tí a ti ṣe ńkọ́?"

"Ẹ gbàgbé ẹ̀." Ó yíjú sí Dókítà Abíọ́nà. "Mo kúkú ti sọ fún yín, Dókítà. Odò òkè òkun pọ̀ nínú ìwé. Ẹ ò rí wọn lò?"

"Odò òkè òkun kọ́ ló ń pa ọmọ Ìbàdàn, sà," Dókítà ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a kò kọ́kọ́ bá wọn jà. A bẹ̀bẹ̀. A lọ bá àwọn àgbà olùkọ́ nílé, a lọ bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí a ní sùúrù. A ń ní sùúrù lọ́wọ́ ni onígbáméjì fi wọ Bẹ́yẹrúnkà. Àárọ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Sàúdà. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. A ti sin ín kí a tó kírun Alásàrí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, mo lanu láti kí i, mo sì rí i pé mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é mọ́. Orúkọ ọmọ tó kú yẹn nìkan ni gbogbo wa fi ń pè é.

Òun ló gbà mí sílẹ̀. "Máa pè mí bí o ṣe ń pè mí," ó ní. "Mi ò ní lórúkọ mìíràn."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni a pàdé ní gbàgede ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Rótìmí kò lè jókòó.

"Wọ́n ní kíláàsì wa ò sí mọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é níbi tí gbogbo Ìbàdàn ti máa rí i pé ó wà. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe é ní Mápó, lẹ́nu ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn."

"Wọ́n máa lé wa kúrò ní yunifásítì," Gbádébọ̀ ní. "Wọ́n lè tì wá mọ́lé. Ológun ló ń ṣèjọba, ẹ má gbàgbé."

Gbogbo wa wo Dókítà Abíọ́nà. "Mi ò lè ní kẹ́ ẹ lọ," ó ní, "ẹ lóbìí. Mi ò sì lè ní kẹ́ ẹ má lọ. Èmi ṣáà ń lọ."

A tọrọ gbọ̀ngàn Mápó, wọ́n ní wọn kò lè fún wa. A ní kò burú. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a pàdé ní Bẹẹrẹ, nídìí ráńdábáòtù, pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé dúdú kan tí a yá ní ilé kéú. Gbádébọ̀ kò sí níbẹ̀. A gbé pátákó náà sórí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ. Àwọn obìnrin Bẹ́yẹrúnkà tẹ̀lé wa, Ìyá Sàúdà ló ṣíwájú wọn. Àwọn tó ń tajà ní Bẹẹrẹ ń béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ìwọ́de ni?" Rótìmí ń dá wọn lóhùn pé, "Rárá o, kíláàsì ni. Ẹ máa bọ̀, ọ̀fẹ́ ni!" Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé wa.

Lórí àtẹ̀gùn Mápó, a gbé pátákó ti òpó ńlá kan. Dókítà kí àwọn ènìyàn, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun fẹ́ ka iṣẹ́ wọn. Mo bọ́ síwájú. Mo sọ ohun tí mo bá ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn obìnrin sì ń dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni! Ilé tèmi nìyẹn!" Mo dé ibi tí ó yẹ kí a ti ya bí omi ṣe ń wọ́ lábẹ́ ilẹ̀, mo mú ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ Gbádébọ̀ ni. Ẹnì kan gba ṣọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ mi. Òun ni. Òógùn ti bo ojú rẹ̀, ó jọ pé láti Òkè-Àdó, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ló ti sáré wá. Ó ya òkè, ó ya kòtò, ó ya kànga, ó fa ìlà kan láti inú kòtò dé inú kànga. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá rí i.

Rótìmí ń ka òfin lọ́wọ́ nígbà tí alága ìjọba ìbílẹ̀ jáde sí wa. Àwọn ológun ló yàn án, ẹnikẹ́ni kò dìbò fún un.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Kíláàsì ni, sà," Rótìmí ní. "Òfin tí mò ń kà yìí, ọ́fíìsì yín ló ṣe é. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè fún yín?"

Ẹ̀rín bú jáde. Mo rí ojú ọkùnrin náà bó ṣe yí padà, mo sì mọ̀ pé ó ti parí fún wa. "Ẹ kó àwọn ọmọ yìí kúrò níwájú mi!" ó ké sí àwọn ọlọ́pàá tó tẹ̀lé e.

Ìyá Sàúdà gun àtẹ̀gùn wá, ó dúró sáàárín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán, sà," ó ní. "Mo ti sin ọmọ mi lé e lórí. Ó yẹ kí n gbọ́ ìparí ẹ̀."

Wọn kò jẹ́ kó gbọ́ ọ. Tajútajú ni wọ́n kọ́kọ́ yìn. Àwọn obìnrin ń ṣubú lé ara wọn lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n ń pariwo, ata ti kún gbogbo ojú wa. Ọlọ́pàá kan fẹsẹ̀ fọ́ pátákó ilé kéú. Rótìmí ṣì ń ka òfin náà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú èéfín yẹn, ó ń kà á lọ bí ẹni tó fẹ́ kó o sí gbogbo wa lórí, títí tí mo fi gbọ́ ìró kóńdó, tí ohùn náà sì dáwọ́ dúró. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n bà. Ẹ̀jẹ̀ náà gba àárín ìka rẹ̀ ń ṣàn bọ̀.

Wọ́n kó wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn obìnrin Bẹ́yẹrúnkà wá jókòó sílẹ̀ níwájú àgọ́ náà, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò. Ọ̀gá ọlọ́pàá jáde, ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ fẹ́ gan-an?" Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ wa tó wà nínú, àti omi." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú wa sílẹ̀. Ó ti pẹ́ jù fún ojú Rótìmí. Dókítà ọsibítù tó tọ́jú rẹ̀ ní bó bá jẹ́ pé wọ́n tètè gbé e wá ni, bóyá ojú náà kì bá fọ́.

Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọn kò béèrè nǹkan kan nípa kànga. Ohun tí wọ́n ní ni pé kí a bọwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ pé a ba orúkọ iléèwé jẹ́, kí a sì padà sí ẹ̀ka wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a máa lọ. Rótìmí kọ̀. Èmi kọ̀. Gbádébọ̀ bọwọ́ lù ú, òun ló sì wá sọ fún mi fúnra rẹ̀.

"Bàbá mi kúnlẹ̀ fún mi, Síkírá," ó ní. "Bàbá mi! Ó fi takisí rán mi níléèwé látìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ó wọ aṣọ àdúrà ẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Rótìmí ńkọ́?" ni mo bi í.

Mi ò bínú sí i nítorí ọjọ́ yẹn. Mo ní bàbá, èmi náà. Ìbínú tí mò ń bá a bí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Wọ́n lé Rótìmí, wọ́n lé mi. Wọ́n fi ayé sú Dókítà Abíọ́nà títí ó fi bá iṣẹ́ lọ sí òkè òkun. Ibẹ̀ ló kú sí. Èmi gba iṣẹ́ wolé-wolé, mo sì fi ọjọ́ ayé mi wọ agboolé jáde agboolé.

Ohun tí a jèrè rèé, mi ò ní bù ú kù: típà kò wá sí Bẹ́yẹrúnkà mọ́. Láìpẹ́ sí ọjọ́ Mápó, wọ́n da erùpẹ̀ bo kòtò náà, wọ́n sì gbẹ́ kànga tuntun sí apá ibòmíràn, tí omi rẹ̀ dára. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bẹ Ìyá Sàúdà. Kọ́ńtírátọ̀ yẹn kò fojú kan ilé ẹjọ́, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n gbé fún un lápá ibòmíràn nílùú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà ní Bẹ́yẹrúnkà tí wọn kì bá tí dàgbà. Mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Àwọn kan ti bímọ.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni wọ́n pè mí sí ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun yín. Gbádébọ̀ ló pè mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni báyìí, òun sì ni olùdarí rẹ̀. Wọ́n fi mí jókòó níwájú. Ó dìde, ó ṣàlàyé bí lọ́yà, ẹnjinníà àti onímọ̀ ìlera yóò ṣe máa kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ Dókítà Abíọ́nà ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èyí ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní yunifásítì yìí."

Mo dìde. Wọn kò ní kí n dìde. Mo ní, "Kì í ṣe àkọ́kọ́. Dókítà Abíọ́nà ló dá àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ sì lé e. Rótìmí wà nínú rẹ̀, ẹ fọ́ ọ lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀." Ẹ wo bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a jáde, ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. "Síkírá, ibi ayẹyẹ kọ́ ló yẹ ká ti sọ ìyẹn."

"Ibo wá ni, Gbádébọ̀? Láti ọjọ́ yìí, ibo lo ti sọ ọ́?"

Ó ní ọ̀rọ̀ náà díjú, ó ní ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu, ó ní kí n ní sùúrù. Sùúrù yẹn náà ni wọ́n ní kí a ní nígbà tí Sàúdà wà láàyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé níbẹ̀ ni mo yíjú sí. Mi ò ní kí ẹ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi odò òkè òkun tàn yín jẹ. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí nínú ìlú yín, kí ẹ béèrè ẹni tó ń gbowó rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn olùdarí yín ìgbà tí wọn yóò fún Rótìmí ní oyè tó ṣiṣẹ́ fún. Ó ń gbé ní Òkè-Àdó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé. Ojú kan tó kù fún un ti ń ṣú báyìí. Kí wọ́n fún un nígbà tó ṣì lè fojú ara rẹ̀ kà á.